Ibùsùn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Gbé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tó bá jẹ́ òwúrọ̀ ló mọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ káàárọ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbí lónìí, nínú yàrá mi ní Leeds, òjò ń rọ̀ lóde, tíì mi sì ti tutù. N ò pe àlejò kankan. Ìtàn kan ló gbà mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu mi.

Ìtàn Odysseus ni, ọba Ithaca, erékùṣù olókùúta kan ní ilẹ̀ Gíríìsì. Inú ewì gígùn tí wọ́n ń pè ní Odyssey ló wà. Ìwé 24 ni wọ́n pín in sí, Homer ni wọ́n sì ń pè ní akéwì rẹ̀. Ọkùnrin yìí lọ sógun Troy, ogun náà gba ọdún 10. Ó tún fi ọdún 10 mìíràn wá ọ̀nà ilé. Ọmọ ọwọ́ ni Telemachus ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Géńdé ló bá nílé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ ti òmìrán olójú kan, àti ti obìnrin tó sọ àwọn ọkùnrin di ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. Èyí tó mú èmi ni ìwé 13. Àwọn atukọ̀ gbé Odysseus dé etíkun Ithaca lójú oorun, wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn, wọ́n kó ẹ̀bùn rẹ̀ sídìí igi, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó máa fi jí, òrìṣà wọn tó ń jẹ́ Athena ti fi kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Kò dá ilé rẹ̀ mọ̀. Ó fọwọ́ lu itan, ó ké: ilẹ̀ ta ni mo tún dé yìí o? Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn: ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé àwọn atukọ̀ ti jí nǹkan níbẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ti báàgì rí ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí ẹ ń ka ẹrù, tí ẹ ń wò yí ká bí ẹni tí wọn ò bí síbẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n ní àjò ò dùn kónílé má relé. Ti Odysseus dùn díẹ̀ o, ká má purọ́. Nínú ọdún 10 yẹn, ọdún kan ló lò lọ́dọ̀ Circe, obìnrin tó sọ àwọn ọkùnrin di ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, ó lo 7 lọ́dọ̀ Calypso, òrìṣà obìnrin kan tó ń gbé ní erékùṣù tirẹ̀. Calypso ní kó jókòó ti òun, òun á sọ ọ́ di ẹni tí kì í kú, tí kì í darúgbó. Odysseus fèsì pé òun mọ̀ pé Penelope ìyàwó òun kò lẹ́wà tó Calypso, pé ẹni tó máa kú ni, síbẹ̀ ilé lọkàn òun ń fà sí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n akéwì ò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ó ní obìnrin náà ò wu Odysseus mọ́. “Mọ́” yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ó ti wù ú rí nìyẹn.

Ẹni tó wà nílé ńkọ́? Ọkùnrin 108 ló ya bo ilé Penelope. Wọ́n lọ́kọ rẹ̀ ti kú, kó mú ọ̀kan nínú àwọn. Wọ́n ń pa ẹran ilé jẹ, wọ́n ń mu wáìnì ilé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ hun aṣọ tí wọ́n máa fi sin Laertes, bàbá ọkọ òun. Lọ́sàn-án á hun ún, lóru á tanná, á tú u. Ọdún 3 ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ tó tú àṣírí. Òfì tó ń dúró lóòró ni wọ́n fi ń hun aṣọ níbẹ̀, bíi ti àwọn ìyá wa tó ń hun kíjìpá. Ẹni tó bá ti jókòó tì wọ́n rí á mọ bó ṣe máa ń dunni tó láti tú iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni.

Ibì kan wà tó ń bí mi nínú. Kò sẹ́ni tó dá Odysseus lẹ́jọ́ nítorí Calypso. Àmọ́ nígbà tó dé, ìránṣẹ́bìnrin 12 ni wọ́n so rọ̀, wọ́n ní wọ́n bá àwọn ọkùnrin yẹn sùn. Ẹrú ni wọ́n o. Ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n lẹ́nu láti kọ̀? N ò ní bá wọn gbè é lẹ́yìn níbẹ̀.

Ìwé 23 ló dé báyìí. Odysseus ti pa àwọn 108 náà. Ìyá arúgbó tó tọ́ ọ dàgbà sáré lọ jí Penelope: ọkọ yín ti dé! Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀ lẹ́bàá iná, kò sọ̀rọ̀. Telemachus bínú: Mọ́mì, irú ọkàn wo lẹ ní, ṣé òkúta ni? Ó dá a lóhùn pé bó bá jẹ́ Odysseus ni lóòótọ́, àwọn méjèèjì ní àmì tí ẹlòmíràn ò mọ̀.

Ó wá yíjú sí ìyá arúgbó náà, bí ẹni tí ò ní nǹkan kan lọ́kàn: ẹ gbé ibùsùn ọ̀gá síta, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fún un kó sùn. Odysseus fara ya. Ta ló gbé ibùsùn mi? Igi ólífì ló hù nínú àgbàlá, mo kọ́ yàrá yí i ká, mo gé orí rẹ̀, mo gbẹ́ ẹ di ẹsẹ̀ ibùsùn, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀! Eékún Penelope yẹ̀. Ó sáré dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

Níbẹ̀ ni akéwì ti ṣe ohun tó gbà mí lóorun. Ó ní bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí lójú àwọn tí ọkọ̀ wọn fọ́ lójú òkun, tí wọ́n wẹ̀ títí, tí iyọ̀ òkun lẹ̀ mọ́ wọn lára, tí wọ́n wá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀... ẹ óò rò pé Odysseus ló ń sọ. Rárá. Penelope ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ rẹ̀ rí lójú rẹ̀. Obìnrin tí kò kúrò nílé fún ọdún 20 ni ó gúnlẹ̀. Òun náà ló ti wà lójú omi látọjọ́ yìí.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó parí sí ayọ̀: lóru ọjọ́ yẹn kan náà, kí wọ́n tó lọ sùn, Odysseus sọ fún un pé òun ṣì máa rìnrìn àjò kan sí i. Ẹ̀yin tí tíkẹ́ẹ̀tì àpadà wà lápò yín, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Bàbá mi lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1979, mo jẹ́ ọmọ ọdún 3. 1986 ni wọ́n tó padà sí Abẹ́òkúta. Fọ́tò ara ògiri ni mo mọ̀ wọ́n sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ilé kún. Ìyá mi ò sáré o. Wọ́n kí wọn káàbọ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n gbé omi tútù wá lórí tíréè, nínú ife gíláàsì tí a máa ń fún àlejò. Àbúrò bàbá mi obìnrin kùn: “Ìyàwó, ṣé bí a ṣe ń kí ọkọ ẹni nìyí?” Ìyá mi ò fèsì.

Ife onírin kan wà lórí àmù wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti họ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ìyá mi máa ń fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi mumi. Mo gba ìfọ́tí rí nítorí ẹ̀.

Bàbá mi wo gíláàsì náà. Wọn ò mu ún. Wọ́n dìde láàárín èrò, wọ́n gba ìdí kọ́tìnnì kọjá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, wọ́n mú ife onírin yẹn, wọ́n bu omi àmù, wọ́n mu ún tán lóòró.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n gbé gíláàsì yẹn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.