Wẹ́búsáìtì tí Ẹni tí Kò Ríran Náà Lè Lò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wẹ́búsáìtì fún ilé ìwé, ìjọba ìbílẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Èkìtì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń dunni jù: orúkọ àwọn tó rí ààyè wọ ilé ìwé gíga. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n á ya á ní fọ́tò, wọ́n á sọ ọ́ di PDF. Ọmọ tí kò ríran ní Ìkẹ́rẹ́ á ṣí i lórí fóònù, ṣùgbọ́n TalkBack tó ń ka ojú fóònù sókè fún un kò ní rí lẹ́tà kan kà, torí àwòrán lásán ni. Orúkọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀, ẹlòmíì ló máa bá a wò ó. Ẹ kọ àwọn orúkọ náà sójú wẹ́búsáìtì gan-an, nínú tábìlì tí àkọlé òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ <th>, kì í ṣe <td> tí ẹ kàn mú nípọn. Bí òǹtẹ̀ bá pọn dandan, ẹ fi PDF yẹn sísàlẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Àpótí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní <label> tó ń sọ ohun tó yẹ kí èèyàn kọ síbẹ̀, kí "for" rẹ̀ bá "id" àpótí náà mu. Ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ inú àpótí (placeholder) kò lè rọ́pò rẹ̀: bí èèyàn bá ti tẹ lẹ́tà kan báyìí, ó ti pòórá. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ má kàn kùn ún ní pupa, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "Nọ́ńbà fóònù gbọ́dọ̀ pé 11." Bọ́tìnì tí ẹ fi <div> ṣe ń gbọ́ ti máòsì nìkan, Tab orí kíbọọ̀dù á fò ó kọjá. <button> ni kí ẹ lò. Ẹ má sì kọ "outline: none", tó ń pa ìlà tó yí ibi tí kíbọọ̀dù wà ká rẹ́, láìfi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, torí ẹni tó ń fi kíbọọ̀dù rìn kò ní mọ ibi tóun dé mọ́.

Ní ti àwọ̀, WCAG 2.2, ìlànà wẹ́búsáìtì tí gbogbo èèyàn lè lò, tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, gbé jáde ní ọdún 2023, ní kí ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. Àwọ̀ eérú #999999 lórí funfun kò tó 3 sí 1. #767676, eérú tó dúdú jù ú lọ, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹni tójú rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá á jàǹfààní rẹ̀ nínú oòrùn Ọjà Ọba l'Ádó.

Àwòrán ń fẹ́ alt, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i: "Ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkógòsì", kì í ṣe "fọ́tò 3". Èyí tó wà fún ẹ̀ṣọ́ lásán, alt="" ti tó o.

Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá, ẹ fi lang="yo", tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni, sí <html>, kí ẹ sì lo ẹ àti ọ gidi ti Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń fa ìlà sábẹ́ e àti o lásán. Ojú á gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á ka ọkọ bí oko, ẹni tó bá sì ń wá ọkọ kò ní rí i.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́: Tab, Shift+Tab, Enter, títí fọ́ọ̀mù á fi lọ. Ẹ sọ ojú ìwé di ńlá dé 200%, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan kan gé. Ẹ gba NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows, kí ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tí kò ríran tó ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ pé kó bá yín dán an wò, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ fún un bí ẹ ti ń san fún ẹni tó ya lógò.