Ẹ Kú Ìjókòó: Onígbàgbọ́ Lórí Tìmùtìmù Ẹlẹ́sìn Búdà

Ẹ kú ìjókòó o. Bí mo ṣe kí àwọn tó wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí nìyẹn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní ìkíni yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Lójú Yorùbá, ìjókòó tó nǹkan téèyàn ń kíni kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú àwọn ará Japan tó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà ní ọ̀nà Zen. Zazen ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe, ìjókòó sì ni "za" tó ṣíwájú rẹ̀. Wọ́n á ká ẹsẹ̀, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọn ò ní pa ojú dé tán, èémí á máa wọlé, á máa jáde. Ó parí. Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn ni pé ṣé ẹni tó gba Jésù lè jókòó bẹ́ẹ̀ kó má ti ta ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù.

Èèyàn kan ni mo fẹ́ fi dáhùn, nítorí bí a bá ní kí ẹ̀kọ́ kojú ẹ̀kọ́, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí.

Jámánì ni wọ́n ti bí Hugo Lassalle, lọ́dún 1898. Ó di Fadá ẹgbẹ́ Jẹ́súìtì nínú Ìjọ Àgùdà, ó sì dé Japan ní 1929. Èdè àwọn èèyàn náà yé e díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àwọn fúnra wọn kò yé e. Ó wòye pé Zen ti wọ inú ìwà wọn bí epo ṣe ń wọ inú ẹ̀wà, ó bá lọ sí tẹ́ńpìlì, ó lọ bá wọn jókòó. Ẹ ṣàkíyèsí o: iṣẹ́ ìwàásù ló gbé e débẹ̀. Jésù kò sú u.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1945, Hiroshima ló wà. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ba ilé tí Lassalle wà nínú rẹ̀ ní ìgboro jẹ́, ó ṣe é léṣe, ṣùgbọ́n kò pa á. Ní 1948 ó di ọmọ onílùú Japan, ó sì ń jẹ́ Enomiya Makibi. Ó tọrọ owó kiri ayé láti kọ́ kàtídírà ìrántí àlàáfíà sí Hiroshima, èyí tí wọ́n ṣí ní 1954. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kàtídírà yìí ló tún lọ jókòó níwájú Harada Sogaku, àgbà olùkọ́ Zen tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, bí ọmọ iṣẹ́ tó wá kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó lọ sọ́dọ̀ Yamada Koun, olùkọ́ Zen mìíràn, ní Kamakura. Yamada kì í ṣe mọ́ǹkì, ìyẹn ẹni tó fi ilé ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Ó níyàwó, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní Tokyo. Àwọn Fadá àti Sísítà tó wá kọ́ zazen lọ́dọ̀ rẹ̀ kò kéré, kò sì ní kí ọ̀kan nínú wọn fi Kristi sílẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi àlọ́ ṣe é. Bí mo bá ní, "Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́," ọmọdé tó bá mọ̀ ọ́n á pariwo, "Ọmọrogùn!" Ó ti tán. Àwọn Zen náà ní àlọ́ tiwọn, kóan ni wọ́n ń pè é. Mọ́ǹkì kan ní ilẹ̀ China ayé àtijọ́ bi Joshu, olùkọ́ Zen, pé, ǹjẹ́ ìwà Búdà, ìyẹn ohun tó lè mú kéèyàn jí sí òtítọ́ bíi Búdà, wà lára ajá? Joshu ní, "Mu," ìyẹn ni pé kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé "Mu" yìí lọ sórí tìmùtìmù. Bó bá mú àlàyé ọlọ́gbọ́n bọ̀, olùkọ́ á ní kó padà lọ jókòó. Ìdáhùn tí wọ́n ń retí kò sí nínú àlàyé. Gbogbo ara akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fi dáhùn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ohun tí à ń pè ní àṣàrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú Jóṣúà 1:8, ìwé òfin ni wọ́n ní kí á máa ṣe àṣàrò nínú rẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru. Àṣàrò tiwa ní oúnjẹ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run là ń jẹ lájẹtúnjẹ. Ẹnu ẹni tó ń ṣe zazen ṣófo. Òfìfo yìí ló ń ba púpọ̀ nínú wa lẹ́rù. Wọ́n ti fi kọ́ wa pé ilé tó ṣófo, ẹ̀mí burúkú méje á kó wọ̀ ọ́. N kò fi ẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣí Fílípì 2:7. Bíbélì wa sọ pé Kristi "bọ́ ògo rẹ̀ sílẹ̀." Ó dùn létí, ó bá ọba tó bọ́ adé mu. Àmọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ ní èdè Gíríìkì ni pé ó sọ ara rẹ̀ di òfìfo. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún wa yan ògo, òfìfo sì fara pa mọ́ sẹ́yìn ògo. Masao Abe, ọ̀mọ̀wé ẹlẹ́sìn Búdà ará Japan, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni jíròrò lórí ẹsẹ yìí kan náà, nítorí pé òfìfo ni òpó tó gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ náà ró. Lójú tèmi, bí afárá kan bá wà láàrin ilé méjèèjì, ibẹ̀ ló wà.

Afárá ni mo pè é o. N kò ní ilé méjèèjì ti di ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ Búdà kò mọ Ẹlẹ́dàá kan tó dá ayé, tó ń dárí jini. Kò sí "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀, yálà kò mọ Búdà tàbí kò mọ Jésù. Lassalle kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dá ilé ìjókòó tirẹ̀ sílẹ̀ nítòsí Tokyo ní 1969, tó sọ ọ́ ní Shinmeikutsu, Mísà wà níbẹ̀ pẹ̀lú zazen. Bí wọ́n bá jókòó tán, wọ́n á gba Ara Olúwa.

Kí ni Róòmù wí? Ní 1965, Àpérò Kejì ti Vatican, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà, sọ pé Ìjọ kò kọ ohunkóhun tó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú ẹ̀sìn Búdà àti àwọn ẹ̀sìn mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá 1989, lẹ́tà kan tí Kádínà Ratzinger, ẹni tó wá di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún, fọwọ́ sí dárúkọ Zen. Lẹ́tà náà ní èèyàn lè mú èyí tó wúlò níbẹ̀, bí kò bá ti da bí Kristẹni ṣe ń gbàdúrà rú. Ó sì kìlọ̀ pé kí ara tó balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ má tàn wá, ká wá pè é ní ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́. Ìkìlọ̀ gidi nìyẹn. Ẹni tó ti jókòó pẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Vatican ní kí Willigis Jäger, mọ́ǹkì ẹgbẹ́ Benedictine nínú Ìjọ Àgùdà, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Zen, má ṣe kọ́ni ní gbangba mọ́. Ní ti ẹjọ́ rẹ̀, Vatican gbà pé ó ti ń fi ìrírí borí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Ẹni tó wú mi lórí jù ni Sísítà Elaine MacInnes, ọmọ Kánádà, tí Yamada náà kọ́. Nígbà ìjọba Marcos ní orílẹ̀-èdè Philippines, ó wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Manila lọ kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú, tí wọ́n ti fìyà jẹ púpọ̀ nínú wọn, bí èèyàn ṣe ń jókòó tó ń mí. Kò mú kí wọ́n pa Mísà tì, kò sì sọ wọ́n di ẹlẹ́sìn Búdà.

Nígbà tó di àsìkò ìbéèrè, arákùnrin kan mú Mátíù 6:24 jáde: kò sí ẹni tó lè sin olúwa méjì. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ Búdà kò pe ara rẹ̀ ní olúwa, owó ni ẹsẹ yẹn sì dárúkọ. Inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Màmá kan ló wá dìde lẹ́yìn. "Ọmọ mi, o ní o máa ń jókòó bẹ́ẹ̀ láràárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n."

"Ta lò ń pè?"

"Mi ò kí ń pe ẹnikẹ́ni nígbà yẹn, Màmá. Mo kàn ń gbọ́ ni."

Màmá wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Tó o bá dìde ńkọ́?"

"Mo máa ń ka Baba Wa."

"Sókè?"

"Sókè, Màmá."

Wọ́n jókòó padà, wọ́n ní kí ẹlòmíì béèrè tiẹ̀.