Ìròyìn Tó Kàn Ọ́ Jù Wà Nínú Ìwé Owó Oṣù Rẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka tá a ṣe ní Yábàá. Mo tún un kọ nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí àwọn náà lè rí i kà.

Alága wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ aláṣẹ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì tẹ́ ẹ sì tún wá jókòó tì wá, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀ láti Ìlúpéjú àti Ìsọlọ̀, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ máa gba ibí lọ sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọkọ̀.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n máa sọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílùú fún yín. Mo lè ka àkọlé ìwé ìròyìn síta kí n sì jókòó: wọ́n fọwọ́ sí òfin owó orí, epo gbówó lórí, àwọn aṣíwájú wa lọ ṣèpàdé l'Ábújá. Ẹ ti gbọ́ gbogbo ìyẹn lórí rédíò kí ẹ tó kúrò nílé. Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe lónìí ni pé kí oníkálukú mú ìwé owó oṣù rẹ̀ jáde, ká wo ibi tí ìròyìn wọ̀nyẹn balẹ̀ sí lórí rẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà pé òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ lálẹ́, tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi yọ owó kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ti ń péjọ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 1945. Ogun àgbáyé kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, ṣùgbọ́n owó àfikún tí ìjọba ń san nítorí ọ̀wọ́n náà, èyí tí wọ́n ń pè ní COLA, kò kúrò lójú kan láti 1942. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n fi ìdajì kún un, kí lébìrà tó kéré jù lọ sì máa gba ṣílè méjì ààbọ̀ lóòjọ́. Ìjọba òyìnbó kọ̀ jálẹ̀. Nínú Oṣù Kẹfà, àwọn ará rélùwéè, àwọn ti ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà. Orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ni Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹni tí ìjọba ti mú kúrò l'Ékòó ní 1943, tí kò sì fojú kan Èkó mọ́ títí di 1945.

Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tí a kì í sábà sọ. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà wọ Oṣù Keje, ìjọba ti ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe méjì pa, West African Pilot àti Daily Comet, nítorí pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó mọ ohun tó ń lọ, irọ́ kò lè dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ìwádìí Tudor Davies jókòó, tí wọ́n sì dámọ̀ràn ìdajì gan-an tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bèèrè.

Lóde òní, kò sẹ́ni tó nílò láti ti ìwé ìròyìn pa. Ìròyìn ti pọ̀ débi pé irọ́ àti òótọ́ jọ ń wọlé lórí fóònù kan náà. Ní ìparí ọdún 2025, ohùn kan ń káàkiri WhatsApp pé tó bá di ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, báńkì á máa yọ owó orí nínú gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì wa. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa kó owó àjọ rẹ̀ jáde, ó gbé e sílé. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí òfin tó ní kí báńkì yọ owó orí nínú owó oúnjẹ tí ọmọ yín fi ránṣẹ́. Ohun tó yí padà lórí owó tá à ń fi ránṣẹ́ ni pé ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí ₦10,000 sókè, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án báyìí, kì í ṣe ẹni tó gbà á mọ́. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ jẹ́ ká wo ìwé náà fúnra wa.

Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ PAYE sí, ìyẹn owó orí tí ilé iṣẹ́ ń yọ nínú owó oṣù. Òfin mẹ́rin lórí owó orí ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹfà ọdún 2025, èyí tó kan PAYE nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní ọdún 2026. Ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé Mushin, tó ń gba ₦120,000 lóṣù, tó sì ń san ₦400,000 lọ́dún fún yàrá àti pálọ̀. Owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦1,440,000. Ká gbà pé owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. A kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìdá 8 nínú 100, ìyẹn ₦115,200. Lẹ́yìn náà, òfin tuntun fún un láyè láti yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tó san, àmọ́ iye tó máa yọ náà kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ti òṣìṣẹ́ yìí jẹ́ ₦80,000. Ó ku ₦1,244,800. Nínú èyí, wọn kò gba owó orí kankan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦444,800 tó ṣẹ́kù ni wọ́n máa gba ìdá 15 nínú 100 rẹ̀. Ó di ₦66,720 lọ́dún, ₦5,560 lóṣù.

Bí òṣìṣẹ́ yìí kò bá wá sọ fún àwọn akáǹtì ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé òun ń san owó ilé ńkọ́? ₦6,560 ni wọ́n máa yọ lóṣù. ₦1,000 ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, ₦12,000 lọ́dún, owó tí òfin ti fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo bèèrè nínú gbọ̀ngàn pé ta ló ti mú ẹ̀rí owó ilé lọ sí ibi iṣẹ́, ọwọ́ tó gòkè kò tó nǹkan. Inú mi kò dùn rárá. Mo mọ ohun tó fà á: onílé kì í fẹ́ fún èèyàn ní rìsíìtì, ejẹ́ńtì á sì ní kó o san án sínú àkáǹtì ẹlòmíràn. Àmọ́ ìwé àdéhùn ilé wà, ẹ̀rí owó tó kúrò ní báńkì yín náà wà. Ẹ kó wọn jọ. Iye tẹ́ ẹ san gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, nítorí òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ sọ òótọ́ iye tó san. Ẹ tún wò ó bóyá àdínkù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CRA ṣì wà nínú ìṣirò yín. Bó bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé àwọn akáǹtì yín kò tíì kúrò lórí òfin àtijọ́ nìyẹn. Ní ti nọ́ńbà owó orí, NIN yín náà ló dúró fún un, nítorí náà ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín ṣe é.

Ẹni tó bá ń gba ₦70,000, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ, kò gbọdọ̀ san owó orí rárá. Bẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀ lọ́dún, ₦840,000 ni, ó fi ₦40,000 ju ₦800,000 lọ, àwọn akáǹtì kan sì lè fẹ́ fi ìyẹn kẹ́wọ́. Òfin náà dárúkọ àwọn tó wà lórí owó oṣù tó kéré jù lọ, ó sì yọ wọ́n kúrò. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ lára yín, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ọjọ́ 29 Oṣù Keje ọdún 2024 ni ₦70,000 yìí di òfin, lẹ́yìn tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjèèjì, NLC àti TUC, ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà ọdún náà. ₦30,000 ni ó wà tẹ́lẹ̀, láti 2019. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ₦85,000 ni òun máa san fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Àpápá mọ ohun tí ₦70,000 lè ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Òfin ₦70,000 yìí ti gé ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò kù sí mẹ́ta. Ọdún 2027 nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ iye tẹ́ ẹ fi ń wọkọ̀ àti iye tẹ́ ẹ fi ń ra gààrì, ìrẹsì àti gáàsì sílẹ̀ lóṣooṣù, kí àwọn tó máa lọ jókòó níwájú ìjọba lè ní nǹkan lọ́wọ́. Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin náà kò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Mo ti rí ibi tí òṣìṣẹ́ ti pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n pín wọn sábẹ́ alágbàṣe mẹ́ta mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé wọ́n fẹ́ ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀, ẹ tètè fi tó wa létí.

Owó ìfẹ̀yìntì ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tá a mú ṣàpẹẹrẹ, ₦9,600 ni wọ́n ń yọ lóṣù, àwọn tó gbà á síṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi ìdá 10 nínú 100 tiwọn kún un, ₦12,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦21,600. Òfin ọdún 2014 ní owó yìí gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ, ó pẹ́ jù, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti san owó oṣù. Ṣùgbọ́n yíyọ lọ̀tọ̀, fífi ránṣẹ́ lọ̀tọ̀. Ìwé owó oṣù lè máa sọ pé wọ́n ti yọ ọ́, kí àkáǹtì yín lọ́dọ̀ PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, sì gbẹ. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa kò mọ̀ títí ó fi ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò wọlé. Ẹ pe PFA yín, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ránṣẹ́, kí ẹ fi í wé ìwé owó oṣù yín, oṣù sí oṣù. Oṣù tó bá sọnù, ilé iṣẹ́ ló jẹ gbèsè rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ní àwọn tó ń bá a gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ á kọ lẹ́tà náà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa mú ẹ̀rí wá.

Ohun kan tún wà tí kò gbọdọ̀ sí lórí ìwé yín: owó NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù ni ilé iṣẹ́ ń san, láti inú àpò tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá fara pa tàbí tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2010 kò gbà kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá fara pa, ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ 14 lọ kí ẹ tó fi tó ilé iṣẹ́ yín létí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, nítorí súpáfáísọ̀ tẹ́ ẹ sọ fún lónìí lè wà níbòmíràn tó bá dọ̀la.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débẹ̀, àǹtí kan dìde lẹ́yìn, ó bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èyí tẹ́ ẹ ń sọ, káṣúà ni èmi. Wọn ò fún mi níwèé rí. Kí ni kí n mú jáde?”

Ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà, ó sì gba àkókò wa. Èsì tí mo fún un rèé. Òfin òṣìṣẹ́ ní kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ tí wọ́n máa fún ọ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ, iye tó o ń gbà, wákàtí tó o fi ń ṣiṣẹ́ àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ kí wọ́n tó dá ọ dúró. Alágbàṣe tó kó ọ wá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bèèrè rẹ̀. Àti pé òfin NSITF dárúkọ káṣúà ní tààràtà: ẹni tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbà, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn bí ẹ̀rọ bá gé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, má pa álàátì owó rẹ rẹ́ lórí fóònù. Ya fọ́tò káàdì tí o fi ń wọ géètì. Ní ìwé kékeré kan tó o ti ń kọ ọjọ́ tó o ṣiṣẹ́ àti wákàtí tó o wọlé.

Ó ní kí n tún ọjọ́ 14 yẹn sọ, mo tún un sọ. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìpàdé, àwọn méjì tó jókòó tì í sì gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a máa to tábìlì sẹ́yìn gbọ̀ngàn, a ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí oníkálukú mú ìwé owó oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn wá, ẹ̀rí owó ilé àti àkọsílẹ̀ PFA. Kí àwọn káṣúà mú ìwé kékeré wọn àti fóònù tí álàátì wà lórí rẹ̀. Èmi àti akápò máa jókòó títí ẹni tó kẹ́yìn á fi ṣírò tirẹ̀ tán.