Aràn tí ò tètè darúgbó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sọ ní gbọ̀ngàn kan l'Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí rèé. Mo tún un tò díẹ̀ ni, torí iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo jù mí lọ.

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ o. Tí wọ́n bá ní kéèyàn wá sọ̀rọ̀ ogbó níwájú àwọn tó ti gbó, á yáa rọra ṣe ni, torí náà mi ò wá kọ́ yín ní ogbó, aràn ni mo wá sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Kì í ṣe aràn inú ọmọdé tá a máa ń lo oògùn fún o. Èyí kékeré ni, mìlímítà kan péré, ibi tí èso àti ewé ti ń rà ló ń gbé, ara ẹ̀ sì mọ́ gaara bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tẹ́ ẹ bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù ẹ máa rí gbogbo nǹkan tó ń lọ nínú ẹ̀. C. elegans lorúkọ ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ó ti lo ìgbà ẹ̀ tán, ìyẹn ló jẹ́ kó wúlò fẹ́ni tó fẹ́ mọ̀dí ogbó, àbí ta ló máa jókòó ti èèyàn fún ọgọ́rin ọdún?

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Cynthia Kenyon. Ó gba PhD ní MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1981, ó wá lọ bá Sydney Brenner ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brenner yìí ló sọ aràn náà di nǹkan iṣẹ́ láàbù, òun àtàwọn méjì míì gba Nobel lórí ẹ̀ ní 2002. Kenyon padà sílé, ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní San Francisco. Nígbà yẹn ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí nǹkan tèèyàn ń wádìí nínú ogbó, pé bí mọ́tò ṣe ń gbó náà lara ń gbó, irin ń dógùn-ún, táyà ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, eku ilé ò ju ọdún mẹ́ta lọ, irú àdán kan sì wà tí ò tó eku ọ̀hún tóbi tó ń lo ọgbọ̀n ọdún. Ṣé táyà àdán ló le jù ni?

Ẹ jẹ́ n ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí aràn, torí àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ló ń ṣe é. Abọ́ pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n da nǹkan tó dì bí ẹ̀kọ tútù sínú ẹ̀, wọ́n fi bakitéríà tí aràn ń jẹ ra á lójú. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń mú aràn lọ sínú abọ́ míì kó má bàa dà pọ̀ mọ́ọmọ ẹ̀. Wọ́n á wá rọra fi wáyà kàn án lórí. Tó bá mira, ó ṣì wà. Tí ò bá mira rárá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti lọ. Ọ̀la, wọ́n á tún ṣe é, Sátidé ò yọ wọ́n sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn tí Kenyon àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi rí i pé àwọn tí jíìnì daf-2 wọn ti yí padà ò darúgbó bí ẹgbẹ́ wọn. Jíìnì ni àṣẹ tó wà nínú ara, tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, tó ń sọ bí ara á ṣe máa ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù ti dùbúlẹ̀, orí nìkan ni wọ́n ń mì, àwọn yìí ṣì ń sáré kiri. Wọ́n lò ju ìlọ́po méjì ọjọ́ ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọdún 1993 nìròyìn yẹn jáde. Wọ́n ti rí jíìnì míì, age-1, ṣáájú ìyẹn o, àmọ́ èyí ló mi ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé tí wọ́n bá yọ jíìnì kejì, daf-16, kúrò lára aràn ọ̀hún, ẹ̀mí gígùn náà bá a lọ. Ní 1997 láàbù onímọ̀ míì, Gary Ruvkun, fi hàn pé daf-2 jọ ohun tó ń gba ínsúlíìnì, èyí tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lára tiwa. Bí mo ṣe rí i rèé: daf-2 ló ń gba ìròyìn pé oúnjẹ pọ̀, ó sì ń dá daf-16 dúró sẹ́nu ọ̀nà. Birikìlà ni daf-16. Tí ìròyìn oúnjẹ bá rọlẹ̀, birikìlà á ráyè wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ré ògiri tó ti sán. Ẹbí birikìlà yẹn wà lára àwa èèyàn náà, FOXO3 ni wọ́n ń pè é, ní 2008 àwọn onímọ̀ rí i pé irú ẹ̀ kan pọ̀ lára àwọn bàbá tó pẹ́ láyé ní Hawaii, àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Japan.

Bàbá kan ní ṣé jíìnì ló ń pinnu gbogbo ẹ̀ ni. Rárá, sà. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti Indianapolis fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti lé lọ́dún márùndínláàádọ́rin, èsì tó jáde ní 2001 sì ni pé àìsàn tó ń mú kí arúgbó máa ṣarán tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn tiwa ò tó ìdajì tàwọn yẹn. Èèyàn dúdú ni gbogbo wọn o.

Mama kan tó wà níwájú wá béèrè pé, Kenyon yìí fúnra ẹ̀, kí ló ń jẹ? Mo ní wọ́n fi ṣúgà sóúnjẹ aràn, ẹ̀mí wọn kúrú, lobìnrin yìí bá pa nǹkan dídùn tì. Mo ń sáré ṣàlàyé pé aràn kì í ṣèèyàn, àmọ́ Mama ti fi ìka kan ti mọ́ọ̀tì ẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọọmọ ẹ̀.