Ẹ Má Dúró Kílẹ̀ Mọ́: Nígbà Tí Àyà Bá Fún Èèyàn Pinpin

[Àwòrán: aago ara ògiri. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdájí.]

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbá. Bàbá jí, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n gbé e lé àárín àyà. Wọ́n ní ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gbé ọlọ lé àwọn láyà. Fáànù ń fẹ́, síbẹ̀ òógùn tútù ń ṣàn lára wọn. Ìyá ní, "Ọ́sà yín nìyẹn. Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ jẹun lálẹ́ àná."

Oògùn ọ́sà ni wọ́n kọ́kọ́ mu. Nígbà tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n pe oníkẹ́míìsì àdúgbò, ó gún wọn lábẹ́rẹ́ kan. Aago mẹ́jọ, wọ́n tẹ ẹ̀gbọ́n láago ní Ọ̀fà, torí pé láìgbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá gbé Bàbá kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n pe Alfa. Alfa dé, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n fún wọn lómi mu. Ìgbà tí mọ́tò fi máa gbéra ní Àdétà, nílùú Ìlọrin, aago mọ́kànlá ti lù. Aago méjìlá ku díẹ̀ ni wọ́n wọ ọsibítù.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Nínú nǹkan bíi wákàtí méje yẹn, ọ̀nà ò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Gbogbo ìyókù, inú ilé ló ṣòfò sí. A lè bínú sí ọ̀nà tí kò dáa, a lè bínú sí ìjọba, a ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà tó lọ nínú yàrá yẹn, ọwọ́ àwa ará ilé ló wà. Òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

[Àwòrán: ọkàn, pẹ̀lú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká.]

Ọkàn ló ń ta ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà ní òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Àwọn nìyí, tí wọ́n fà mọ́ ara rẹ̀ lóde. Wọn ò tóbi rárá. Ìwọ̀nba mìlímítà 3 sí 4 ni púpọ̀ nínú wọn fẹ̀. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé èèyàn fura. Lọ́jọ́ kan, awọ tó bo ọ̀rá yẹn á sán. Ẹ̀jẹ̀ á rò pé ọgbẹ́ ni, á wá ṣe ohun tó máa ń ṣe bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́: á dì. Dídì tó ń gbà wá là lójú ọgbẹ́ yẹn náà ló máa wá dí òpó pa. Apá ibi tí òpó náà ń bọ́ nínú ọkàn ò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní háàtì àtáàkì nìyẹn. Kò sí ọfà níbẹ̀, kò sí àsasí.

Láàárín nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, ẹran ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tó bá fi máa tó wákàtí mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti lọ, kì í sì í hù padà. Àpá ló ń dà. Òun ló fà á tí ẹlòmíì fi máa yè é, àmọ́ tí kò ní lè rìn dé ọjà kó má mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wú nírọ̀lẹ́.

Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà. Wọ́n lè fún èèyàn títí di wákàtí 12 lẹ́yìn tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí pé bí àkókò ṣe ń lọ ni ẹ̀jẹ̀ dídì náà ń le sí i, tí ẹran tó kù láti gbà là sì ń dín kù. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ tàbí itan lọ ṣí ibi tó dí. Ìyẹn dára ju abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ ọsibítù tó ń ṣe é ò pọ̀ ní Nàìjíríà. Èyí tó wù kí wọ́n lò, aago ló ń pinnu èrè rẹ̀.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrora náà kì í gúnni bí abẹ́rẹ́. Á fúnni pinpin, á wúwo, á dà bíi pé wọ́n fi okùn di àyà. Ó lè gba apá òsì lọ, tàbí apá méjèèjì, ó lè gun ọrùn dé àgbọ̀n, ó lè bọ́ sí ẹ̀yìn tàbí òkè ikùn. Òógùn tútù, èébì, òòyì àti èémí tó ń gé máa ń bá a rìn. Tí ẹ bá bi ẹni náà pé ibo ló ń dùn ún, tó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀ṣẹ́ lé àyà dípò kó fi ìka kan tọ́ka, ẹ fura gidigidi.

Ó wá ku àwọn tí tiwọn kì í pariwo. Ẹni tó ti ń bá àtọ̀gbẹ fà á fún ọdún pípẹ́, ṣúgà lè ti ba iṣan tó ń gbé ìrora jẹ́, kí àyà má dùn ún rárá. Èémí tó ń gé lójijì àti òógùn nìkan lẹ ó rí. Àwọn àgbàlagbà náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa, àyà máa ń dùn wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń sọ ti ẹ̀yìn, ti àgbọ̀n, ti èébì àti ti àárẹ̀ tí kò nídìí ju ti àyà lọ. Nígbà tí Ìyá bá ní ó ti rẹ òun tẹnutẹnu láti òwúrọ̀, tí wọn ò sì lè gbé ìkòkò tí wọ́n ń gbé lójoojúmọ́, kí ẹ má rò pé ọ̀lẹ ló mú wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ́sà yìí ló ń jẹ àkókò jù, ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òkè ikùn àti àyà súnmọ́ra, iṣan tó ń ròyìn wọn fún ọpọlọ sì fẹ́ jọra, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ilé. Oògùn ọ́sà lè mú kí ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ò fi hàn pé ọ́sà ni. Àsìkò ààwẹ̀ Rámàdánì tún ń dá kún un: tó bá dùn wọ́n kí wọ́n tó ṣínu, wọ́n á ní ebi ni, tó bá dùn wọ́n lẹ́yìn ìṣínu, wọ́n á ní àkàrà ló le sáyà. Ẹ̀rí kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ṣáájú ọjọ́ náà gan-an: kí àyà máa fún èèyàn tó bá ń gún iyán tàbí tó ń gun òkè, kó sì tú u sílẹ̀ tó bá sinmi. Ọ́sà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kó tó di pé òpó náà dí pátápátá.

Òfin ilé tí a ní kí ẹ mú lò nìyí: àyà tó ń fúnni, tó pé ìṣẹ́jú 15 láìlọ nígbà téèyàn jókòó jẹ́ẹ́, ọsibítù ni. Tí òógùn tútù, èémí gígé tàbí òòyì bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má tiẹ̀ dúró de ìṣẹ́jú 15 náà. Ká dé ọhún ká bá a pé atẹ́gùn ni, owó mọ́tò nìkan la pàdánù.

[Àwòrán: ẹnì kan jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, orúnkún ká.]

Kí mọ́tò tó dé, ẹ mú un jókòó bí èyí. Ẹ má jẹ́ kó rìn, kó gun àtẹ̀gùn, tàbí kó lọ wẹ̀ pé òun ò lè lọ bá dókítà pẹ̀lú òógùn lára. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn, ẹ tú gèlè. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un ní epo pupa, mílíìkì tàbí àgbo.

Tó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní aspirin, mílígíráàmù 300. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ilé oògùn wa, mílígíráàmù 75 ni hóró kan. Ẹ ka hóró mẹ́rin. Kó rún un lẹ́nu kó tó gbé e mì, torí pé èyí tó bá rún yóò tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Aspirin ò ní ṣí òpó náà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dídì náà máa dàgbà sí i. Parasitámọ́ọ̀lù àti ibuprofen ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan á béèrè Alábùkún. Aspirin wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po méjì 300 lọ, káféènì sì tún wà níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tí aspirin kì í bá lára mu, ẹni tó ń pọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ má fún un. Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí apá kan rọ, rọpárọsẹ̀ ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Aspirin lè pa á lára, ẹ sáré lọ sí ọsibítù láìfún un ní nǹkan kan.

Ta ló máa sọ pé ká gbéra? Ìbéèrè tó ń dá wákàtí dúró nìyẹn. Ẹ dáhùn rẹ̀ lónìí, nígbà tí ara ń yá. Kí olórí ilé sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá wà nítòsí, ì báà ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní àṣẹ láti pe mọ́tò kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ní ilé àwọn ẹlẹ́hàá, kí ọkọ ti gba ìyàwó láàyè sílẹ̀ ṣáájú pé tí àyà bá fún ọkọ tàbí ìyàwó, kí ìyàwó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà tí ọkọ bá wà ní Èkó. Àdúrà ńkọ́? Ẹ gbà á, ẹ jẹ́ kí Alfa tàbí Pásítọ̀ wọ mọ́tò tẹ̀ lé yín. Àdúrà kì í dá mọ́tò dúró.

Ẹ má gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Tó bá dákú lójú ọ̀nà, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ṣubú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá sàn jù, mọ́tò ló dára jù, kí ẹnì kan jókòó tì í lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112, ọ̀fẹ́ sì ni; ẹ pè é, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá ti wà ní ojúde, ẹ má jókòó máa retí áńbúláǹsì.

Ẹ̀yin tó wà ní Òmù-Àrán, Ọ̀fà, Èrín-Ilé àti gbogbo ìsàlẹ̀ Kwárà, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Láti Ọ̀fà dé UITH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin, lọ́nà Jẹ́bà lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ béèrè ní ọsibítù tó súnmọ́ yín pé: ṣé ẹ̀rọ ECG yín, èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, ń ṣiṣẹ́? Ṣé ẹni tó lè kà á wà lóru? Ṣé ọ́síjìn wà? Èyí tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré lọ; kí wọ́n fún un ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n tẹ Ìlọrin láago, kẹ́ ẹ tó máa bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ sọ pé: "Àyà ń fún wọn láti aago márùn-ún ìdájí, a ti fún wọn ní aspirin 300, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ECG fún wọn." Ó yẹ kí wọ́n ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹ sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà tí wọ́n ń lò. Ẹ̀yin bàbá, tẹ́ ẹ bá lo oògùn agbára ọkùnrin láàárín ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kódà tí ìyàwó bá dúró níbẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ ahọ́n fún àyà tó ń dunni. Tí òun àti oògùn agbára ọkùnrin bá pàdé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè jábọ́ débi tí èèyàn á fi kú. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ò tó nǹkan níwájú ìyẹn.

ECG àkọ́kọ́ lè dára, kí nǹkan má sì dára. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún nǹkan kan tó ń jẹ́ troponin, tí ẹran ọkàn tó fara pa máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí kì í tètè gòkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ má rò pé owó ni wọ́n ń wá, kẹ́ ẹ fi gbé e lọ sílé. Lórí owó náà: Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì nítorí ohunkóhun. Ẹ mú owó dání tẹ́ ẹ bá ní i, oògùn á náni. Àmọ́ ẹ má jókòó sílé torí pé kò tíì pé.

Ó lè dákú kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá pè é tí kò dáhùn, tí kò mí bó ṣe yẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, torí pé fóòmù á gbé gbogbo agbára yín mì. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé àárín àyà, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀, apá nà gbọnrangandan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ẹ jẹ́ kó dìde tán, ẹ tún tẹ̀ ẹ́: ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń rẹni kíákíá, nítorí náà ẹ pààrọ̀ èèyàn ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má gbá a létí.

[Àwòrán: ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.]

Ẹ mú ìwé kan nísinsìnyí. Ẹ kọ nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ń sùn ládùúgbò, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ kọ ọsibítù tẹ́ ẹ ti lọ béèrè ECG rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí Bàbá àti Ìyá ń lò, àti èyí tí kì í bá wọn lára mu. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ páálí aspirin mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí náà kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́.