Ta Ló Ni Iṣẹ́ Gọ́tà Ọjà? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bí Ará Ìlú Ṣe Ń Kọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ìsọ̀ wá, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá sí Àkúrẹ́ lónìí: ẹnu lásán kọ́ la fi ń kọ́ ènìyàn ní ìjọba tiwa-n-tiwa, àfi kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ aránṣọ ṣe ń fi àjákù aṣọ kọ́ṣẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà.

Ní ìpàdé kan tí a ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ìlú yìí, a kò dárúkọ òfin kankan fún odidi wákàtí kan. A bi wọ́n léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, ohùn wọn sì ṣọ̀kan lórí gọ́tà tó dí, tí àgbàrá fi ń ya wọ ìsọ̀ wọn nígbà òjò. A wá tẹ́ bébà mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kan fún ìjọba àpapọ̀, ọ̀kan fún ìpínlẹ̀, ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀, a sì ní kí oníkálukú gbé òkúta wẹ́wẹ́ kan sórí ẹni tó rò pé ó ni iṣẹ́ náà. Orí bébà ìpínlẹ̀ ni òkúta pọ̀ sí jù. Àwọn kan tilẹ̀ gbé tiwọn lọ sí Àbújá. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ní èdè Yorùbá: ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà, ilẹ̀ kíkó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, àní ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, gbogbo rẹ̀ wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Obìnrin kan dìde, ó gbé òkúta rẹ̀ kúrò níbi tó wà, ó gbé e síbi tó yẹ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀kọ́ tó wọlé sí ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ní kí ó gbé e.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń kó ará ìlú jọ, tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí wọ́n ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń ka iye orí tó jókòó bí ẹni pé orí tó jókòó ti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní ẹni tí kò kàwé kò lè lóye òfin. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn.

Nígbà kan rí, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, òfin ìwé kíkà ni wọ́n fi ń lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nídìí ìbò: ẹni tí kò bá lè ka abala ìwé òfin kò ní forúkọ sílẹ̀. Esau Jenkins, awakọ̀ bọ́ọ̀sì láti erékùṣù Johns Island sí ìlú Charleston, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èrò rẹ̀ ní abala òfin náà bí ọkọ̀ ti ń lọ. Ní ọdún 1957, pẹ̀lú akitiyan Septima Clark, olùkọ́ àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, kíláàsì kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan ní erékùṣù náà. Aṣerunlóge ni olùkọ́ àkọ́kọ́, Bernice Robinson. Ó sọ fún wọn pé òun kì í ṣe tíṣà, àwọn yóò jọ kọ́ ọ ni, ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gúúsù Amẹ́ríkà. Aṣerunlóge ni, ẹ̀yin ènìyàn mi!

Alága ti ń nawọ́ aago sí mi. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama àti ti rédíò ni ó kù, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ti tó fún wọn: kí àwọn ọmọ dìbò yan olórí kíláàsì wọn fúnra wọn, kí rédíò sì gba ìpè ará ìlú.

Níbi tí mo dé yìí ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba ti nawọ́ sókè. Ó ní: “Tíṣà, ojú wa rí ọdún 1983 ní ìlú yìí. A mọ ẹni tí a dìbò fún. Mímọ̀ kọ́ ni wàhálà wa. Bí a bá wá mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni gọ́tà, tí wọn kò dá wa lóhùn ńkọ́?”

Màmá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín tọ́ ju ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e lọ, mo sì fi tèmi sílẹ̀ fún un. N kò ní tún ìtàn 1983 sọ fún ẹ̀yin tó ṣojú yín. Iná jó, ẹ̀mí lọ nítorí èsì ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ló dá Gómìnà Ajasin padà sórí àga. Ilé ẹjọ́ bákan náà ló gbé Mimiko dé orí àga gómìnà yìí ní ọdún 2009. Nítorí náà, ìpàdé wa kò pé bí a kò bá kọ́ni ní ọ̀nà òfin, ìyẹn bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ méje péré ni wọ́n sì ní láti fèsì. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè fi ẹnu béèrè, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà. Àwọn kan jiyàn pé òfin náà kò de ìpínlẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ níbí dá wọn lẹ́bi ní 2018, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2025 pé gbogbo ìpele ìjọba ló dè. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, nítorí náà, lójú òfin, wọn kò tún lè ní ọwọ́ gómìnà ni owó gọ́tà há sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè nípa pípe aṣòfin padà, ìyẹn kí àwọn tó dìbò yàn án yọ ọ́ nípò. Ó wà nínú òfin: ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, lẹ́yìn náà ni ìbò yóò wáyé láàárín 90 ọjọ́. Ẹrù ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé èyí tí apá wa ká.

A fi àkókò tó kù kọ lẹ́tà ìbéèrè kan sí ìjọba ìbílẹ̀. Màmá ń pè é, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ ọ́: èló ni ìjọba ìbílẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ọjà lọ́dún yìí, èló ni wọ́n ti ná, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún? Àwọn tó lè kọ orúkọ wọn fọwọ́ sí i, àwọn yòókù tẹ̀ka. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gbé e lọ, ibẹ̀ ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje náà.