Òróró Ti Kan Orí, Àgùntàn Ṣì Wà Nínú Pápá

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Sámúẹ́lì Kìíní 16. Ní ẹsẹ 13, wọ́n da òróró sórí Dáfídì. Ẹ sún mọ́ ẹsẹ 19: Sọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Jésè pé kó fi Dáfídì tó wà nídìí àgùntàn ránṣẹ́ sóun. Ẹni tí wọ́n ti fòróró yàn lọ́ba ló padà sínú pápá yẹn o!

Dáfídì mìíràn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi: David Oyelowo, òṣèré ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Oxford lọ́dún 1976, tó gbé Èkó fún ọdún mélòó kan ní kékeré. Orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2000, Royal Shakespeare Company, ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í ṣe Ọba Henry Kẹfà.

Ní 2007, ó ka ìwé eré fíìmù Selma, ó sì ní Ọlọ́run sọ fún òun pé òun lòun máa ṣe Martin Luther King, aṣáájú tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Olùdarí tó wà nídìí eré náà nígbà yẹn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó wá káwọ́ gbera bí? Rárá o! Ipa kékeré tó yọjú, ó ń ṣe é. Nínú fíìmù Lincoln, tó jáde ní 2012, ṣójà ni, kò sì pẹ́ lójú àwòrán. Òru ni, ó dúró níwájú Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, ó ń sọ̀rọ̀ owó-oṣù àwọn ọmọ ogun dúdú, ó ní bóyá tó bá tó ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, àwọn á lè dìbò. Ọdún 1865 ni ìran yẹn. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún kún un: 1965, ọdún tí King àti èrò rìn láti Selma dé Montgomery nítorí ìbò! Orí mi wú nígbà tí mo ṣírò rẹ̀. Inú aṣọ ṣójà ló ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ King. Ní 2014, Selma jáde, òun náà ló ṣe King nínú rẹ̀.

Ìwọ tó ń ta ọjà ọlọ́jà, tó ń retí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ yẹn dáadáa láàárọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, má jẹ́ kí n bínú sí pápá tí o fi mí sí. Àgùntàn ọwọ́ mi ò ní sọnù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí, kí wọ́n bá mi lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tó wò mí tí wọ́n ní kì í ṣe èmi, Olúwa, ẹnu wọn ò ní yí ọ̀rọ̀ rẹ padà.

Ẹni tó máa wọ aṣọ iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ò fẹ́ láàárọ̀ yìí, Jésù, bá a wọ̀ ọ́. Àmín.